Fúláàṣì bootable: sọ́fítíwíà wo ló yẹ iṣẹ́ yín?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n gbé laptop ọmọ wọn sórí tábìlì, wọ́n sì fa fúláàṣì kan yọ nínú àpò ṣòkòtò. "Ẹnjiníà, mo ti fi Windows síbẹ̀ o. Àmọ́ nǹkan yìí kọ̀, ó ní òun ò rí i."

Mo ní, "Ẹ jókòó, sà, ẹ jẹ́ n wò ó." Mo ki fúláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà mi. Lóòótọ́ ni, Windows wà níbẹ̀: fáìlì ISO kan ṣoṣo tó lé ní 5 GB, ó jókòó sáàárín orin fújì àti fọ́tò ìsìnkú. Wọ́n ti fi détà òru wà á wálẹ̀, wọ́n wá kópì rẹ̀ sórí fúláàṣì bí ẹní ń kópì fíìmù.

Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ já àpò sìmẹ́ńtì sórí ilẹ̀, ó sì ní òun ti kọ́lé. Àpò tí wọ́n ti dì lẹ́nu ni ISO. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, kò tíì sí Windows nílé tó máa bá a tú àpò. Ohun tí kọ̀ǹpútà òde òní mọ̀ ni pé kó yọjú sínú fúláàṣì, kó wá fódà tó ń jẹ́ EFI, kó wọ BOOT nínú rẹ̀, kó gbé fáìlì kékeré tó ń jẹ́ bootx64.efi, kó sì fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Tí kò bá bá fáìlì yẹn níbẹ̀, á fò ó kọjá bíi pé kò sí fúláàṣì kankan lára òun. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni láti tú àpò náà, kó to nǹkan inú rẹ̀ síbi tí kọ̀ǹpútà máa wò. Fúláàṣì tí kọ̀ǹpútà lè jí látorí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bootable.

Látìgbà tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, irú bàbá yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwọn kan fẹ́ Windows 11, àwọn kan fẹ́ Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, kí laptop àtijọ́ wọn lè tún mí díẹ̀ sí i. Gbogbo wọn ló ń béèrè pé sọ́fítíwíà wo ló dáa jù.

Mi ò kì í dáhùn kí n tó bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta.

Kọ̀ǹpútà wo lẹ fẹ́ fi ṣe fúláàṣì náà? Rufus, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí, kì í ṣiṣẹ́ lórí Mac, kì í sì ṣiṣẹ́ lórí Linux. Tó bá jẹ́ MacBook nìkan ló wà nílé, ọ̀rọ̀ Rufus ti parí nìyẹn.

Kí lẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀? Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn tó ń ṣe Ubuntu, Mint, Fedora àti ọ̀pọ̀ Linux mìíràn ti ṣètò ISO wọn lọ́nà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dà á sórí fúláàṣì bó ṣe wà gẹ́lẹ́, láìtú u, kọ̀ǹpútà á jí látibẹ̀. Ti Windows ò rí bẹ́ẹ̀. Àwo DVD ni wọ́n ṣe ISO rẹ̀ fún, àfi kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ sì tò ó. Sọ́fítíwíà tó mọ̀ ọ́n dà nìkan, tí kò mọ̀ ọ́n tú, máa ba ti Windows jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìkẹta: ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, àbí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń jẹun ni?

Ẹni tó bá ń kánjú, kó gba èyí máa lọ: Windows láti orí kọ̀ǹpútà Windows, Rufus ni. Linux láti orí Mac, balenaEtcher ni. Ẹni tó bá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún owó, Ventoy ni. Ẹni tó bá ráyè, kó bá mi kálọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dán fúláàṣì wò ná

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní sọ́fítíwíà ò dáa, fúláàṣì ló jẹ̀bi.

Mo ra ọ̀kan rí tí wọ́n kọ 128 GB sí lára. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó. Mo fi Rufus gbé Windows sórí rẹ̀, laptop oníbàárà jí látibẹ̀, inú mi dùn. Nígbà tó ń kó fáìlì, ó dúró lójijì, ó gbé 0x80070570 jáde, pé fáìlì kan bàjẹ́ tàbí kó má sí níbẹ̀. Mo tún un ṣe. Ó tún dúró. Mo yí sọ́fítíwíà padà lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ̀rọ̀ burúkú sí Rufus, ilẹ̀ ṣú. Ìgbà tí mo wá fi H2testw dán fúláàṣì náà wò ni mo rí òótọ́: ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pé 8 GB.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Inú fúláàṣì ní ọpọlọ kékeré kan tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí àyè ṣe pọ̀ tó. Àwọn oníṣẹ́ ibi á kọ́ ọpọlọ yẹn ní irọ́, á ní òun ní 128. Kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, á máa da nǹkan sí i, fúláàṣì á máa ní òun ti gbà á, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó kọjá 8 yẹn ń ṣòfò dànù tàbí ó ń gorí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á padà lẹ máa tó mọ̀.

H2testw kò gba owó. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn c't ní Jámánì ló gbé e jáde. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà lórí fúláàṣì kúrò, ẹ ṣí i, ẹ yan fúláàṣì, ẹ tẹ "Write + Verify". Á fi fáìlì kún un dé etí, á wá kà á padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń pẹ́ o: fúláàṣì 64 GB tó ń gba 8 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gbà ju wákàtí méjì lọ kó tó kún, ká má tíì sọ kíkà á padà. Alẹ́ ni mo máa ń tì í sí i, tí iná bá wà. Lórí Linux, F3 ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, f3write á kọ, f3read á kà. Rufus pàápàá ní ibì kan tẹ́ ẹ ti lè máàkì pé kó yẹ fúláàṣì wò, "Check device for bad blocks", ó sì máa ń tú àṣírí àwọn òpùrọ́ yìí.

Ní ti ìwọ̀n, Microsoft ní kò gbọ́dọ̀ dín ní 8 GB fún Windows. 16 GB ni mo máa ń ní káwọn èèyàn rà, kí wọ́n lè fi dírábà (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà) kún un tó bá yá. ISO Ubuntu 24.04 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6 GB, ti Mint kéré sí i. Ẹ má sì gbàgbé pé èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí, á pa gbogbo ohun tó wà lórí fúláàṣì rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ISO tí ẹnìkan ò tíì tú wò

Ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni kẹ́ ẹ ti gba ISO: ìkànnì Microsoft fún Windows, linuxmint.com fún Mint, ubuntu.com fún Ubuntu. Àwọn Windows "ti activated tẹ́lẹ̀" tí wọ́n ń pín kiri lórí Telegram, ẹlòmíì ti tú àpò yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin ò mọ ohun tó fi kún un.

Lójú ewé Windows 11, ẹ yan ISO, ẹ yan èdè, wọ́n á fún yín ní líǹkì tí kì í kọjá wákàtí 24. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀, wọ́n kọ àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní SHA256 sí iwájú èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti já lẹ́ẹ̀mẹta kí fáìlì náà tó parí, ojú lásán ò lè mọ̀ bóyá ó pé. Ẹ ṣí Command Prompt níbi tí fáìlì wà, kẹ́ ẹ tẹ:

certutil -hashfile win11.iso SHA256

Á gbà tó ìṣẹ́jú kan, á gbé nọ́ńbà gígùn tiẹ̀ jáde. Lórí Linux, sha256sum ni. Mi ò kì í kà á tán. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ àti mẹ́jọ ìkẹyìn ni mo máa ń fi wé fọ́tò. Tí wọ́n bá bára mu, fáìlì pé. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ má wulẹ̀ gbé e sórí fúláàṣì rárá.

Rufus: fún Windows, láti orí Windows

Ọdún 2011 ni Pete Batard gbé Rufus jáde. Fáìlì kan tí kò tó 3 MB ni, kò nílò kéèyàn fi í sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, á ṣí. Ẹ gbà á ní rufus.ie. Àwọn ojú ewé ayédèrú wà tó jọ ọ́ gan-an, nítorí náà ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, ẹ lọ sí Properties, ẹ wo Digital Signatures: Akeo Consulting ló yẹ kó wà níbẹ̀. Rufus 4 kò gba Windows 7 mọ́. Ẹni tó ṣì wà lórí Windows 7, 3.22 ni kó wá.

Ẹ ṣí i tán, ẹ máa tẹ̀ lé e báyìí:

1. Níbi "Device", ẹ yan fúláàṣì yín. Ẹ fi ìwọ̀n àti lẹ́tà rẹ̀ dá a mọ̀. Rufus kì í dárúkọ hard disk ìta àfi tẹ́ ẹ bá máàkì "List USB Hard Drives" fúnra yín, inú mi sì dùn sí i.

2. Ẹ tẹ "SELECT", kẹ́ ẹ mú ISO. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọfà kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lè yí i sí "DOWNLOAD", Rufus á bá yín gbé Windows wá tààrà láti ọ̀dọ̀ Microsoft.

3. Níbi "Partition scheme", kọ̀ǹpútà tó máa gba Windows ni kẹ́ ẹ rò, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ jókòó tì. Tó bá jẹ́ ti ìgbà Windows 8 síwájú, ìyẹn láti 2012, GPT, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń pín fúláàṣì, ló máa ń jẹ́, "Target system" á sì di UEFI, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà òde òní. Tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, MBR, ọ̀nà àtijọ́. Tí kọ̀ǹpútà náà bá ṣì ń ṣí, ẹ tẹ msinfo32 níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo iwájú "BIOS Mode": UEFI ni tàbí Legacy, ìyẹn ti àtijọ́.

4. "File system", ẹ fi í sílẹ̀ bí Rufus ṣe yàn án. Ẹ tẹ START.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ lórí ìkẹrin yẹn, torí òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Rufus. File system ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí fúláàṣì; FAT32, NTFS àti exFAT jẹ́ irú rẹ̀. FAT32 ni UEFI mọ̀ ọ́n kà, bẹ́ẹ̀ FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ti tó 4 GB. Nínú Windows, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ install.wim, òun ni gbogbo Windows fúnra rẹ̀, ó sì máa ń kọjá 4 GB. Tẹ́ ẹ bá fi FAT32 ṣe é, kò gba fáìlì. Tẹ́ ẹ bá fi NTFS ṣe é, ọ̀pọ̀ laptop ò ní rí i. Ohun tí Rufus ṣe ni pé ó fi NTFS ṣe apá ńlá, ó wá gé èérún kékeré kan sẹ́yìn tó jẹ́ FAT, ó fi ohun tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ka NTFS síbẹ̀. Microsoft ti fọwọ́ sí nǹkan kékeré náà báyìí, kò béèrè kẹ́ ẹ pa Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jí látorí ohun tí wọn ò fọwọ́ sí) bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣí fúláàṣì rẹ̀ tó rí ìpín kékeré tí kò mọ̀ rí, kó má pa á rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá tẹ START lórí Windows 11, ojú kan á yọ tó ń béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yọ kúrò. Ẹ lè máàkì kó má béèrè TPM 2.0 (ohun tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò nínú kọ̀ǹpútà), Secure Boot àti 4 GB RAM. Ẹ lè ní kó má fipá mú yín ṣí àkáǹtì Microsoft. Ẹ lè kọ orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Èyí ló ń jẹ́ kí laptop tí Windows 11 lé jáde wọlé. Àmọ́ ẹ sọ òtítọ́ fún oníbàárà: Microsoft ò gbà pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ òun, ẹ ò sì lè ṣèlérí àtúnṣe ọjọ́ iwájú. Èyí tó bá ti di arúgbó bíi Core 2 Duo, Rufus gan-an ò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Láti ẹ̀dà Windows 11 tó ń jẹ́ 24H2, Windows ń béèrè àṣẹ kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní POPCNT, àwọn yẹn ò sì ní in. Mint ni mo máa ń fún wọn.

Tó bá jẹ́ ISO Linux lẹ gbé fún Rufus, á bi yín bóyá ISO mode (títú) tàbí DD mode (dídà bó ṣe wà). Ẹ kọ́kọ́ mú ISO. Tí kọ̀ǹpútà ò bá jí, ẹ padà wá mú DD.

Microsoft náà ní tiwọn, Media Creation Tool. Ó rọrùn, kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sì bá yín yọ TPM. Ìdí tí mi ò fi ń lò ó ni pé ó máa ń fẹ́ fa Windows wálẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ISO tí mo ti fi détà rà ti wà lórí hard disk mi. Ẹni tí Wi-Fi rẹ̀ dáa, tó fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tí laptop rẹ̀ sì bá Windows 11 mu, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Ventoy: fún ẹni tó fi ń ṣiṣẹ́

Nígbà kan, fúláàṣì mẹ́fà ló máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi tẹ́èpù kọ orúkọ sí wọn lára: Win10, Win11, Mint, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ á gbé ọ̀kan lọ sílé oníbàárà, kò ní bọ̀ mọ́. Ventoy ló gbà mí. Ọdún 2020 ló jáde, kò gba owó.

Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fi Ventoy sórí fúláàṣì. Ẹ gbà á ní ventoy.net, ẹ tú u, ẹ ṣí Ventoy2Disk. Ẹ yan fúláàṣì, ẹ tẹ Install, á kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé gbogbo nǹkan máa parẹ́, ẹ gbà. Á pín fúláàṣì sí méjì: ìpín ńlá tó jẹ́ exFAT, àti kékeré 32 MB tó ń jẹ́ VTOYEFI. Látìgbà yẹn, ISO tẹ́ ẹ bá kópì sínú ìpín ńlá, bó ṣe wà, láìtú u, Ventoy á tò wọ́n lójú kọ̀ǹpútà nígbà tó bá jí, ẹ á kàn fi ọfà yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ohun tí bàbá ọjọ́ Sátidé yẹn ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ká ní Ventoy wà lórí fúláàṣì wọn ni, ì bá ṣiṣẹ́.

Orí fúláàṣì 64 GB mi lónìí, Windows 10 àti 11 wà, Linux Mint wà, Clonezilla tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà hard disk wà, MemTest86+ fún RAM, GParted fún pípín hard disk, àti Hiren's BootCD PE fún ìgbà tí mo bá fẹ́ kó fáìlì oníbàárà jáde kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí Ventoy tuntun bá jáde, bọ́tìnnì Update ni mo máa ń tẹ̀, ISO mi ò ní lọ. Ẹ má ṣe tẹ Install lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn á nu gbogbo rẹ̀.

Lórí laptop tí Secure Boot rẹ̀ wà ní títàn, ìgbà àkọ́kọ́ á dẹ́rù bà yín: ojú aláwọ̀ búlúù á yọ, á kọ "Security Violation". Ẹ tẹ OK, ẹ tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí, ẹ yan "Enroll key from disk", ẹ wọ VTOYEFI, ẹ mú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ENROLL_THIS_KEY_IN_MOKMANAGER, ẹ gbà pẹ̀lú Continue àti Yes, kẹ́ ẹ wá tẹ Reboot. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fún laptop kọ̀ọ̀kan. Tí Windows ò bá lọ dáadáa, Ventoy á fún yín ní "wimboot mode" láti fi gbìyànjú.

Ohun méjì ni mo máa fi kìlọ̀. Ẹ má ṣe fa fúláàṣì Ventoy yọ láìsọ fún kọ̀ǹpútà; exFAT kì í dárí ji ẹni tó bá já a kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ISO á bàjẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ fi máa dé iwájú oníbàárà. Ìkejì, àwọn tó mọ kóòdù kà ti ráhùn pé àwọn fáìlì kan wà nínú kóòdù Ventoy tí wọ́n ti sè tán, tí èèyàn ò lè rí ìdí wọn. Mi ò tíì rí ibi rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà báńkì tàbí ti ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ ṣe, Rufus ni mo máa ń lò.

balenaEtcher, àti àwọn tó wà lórí Linux

Etcher ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ni: Flash from file, Select target, Flash. Tó bá kọ ọ́ tán, á kà á padà fúnra rẹ̀, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ó wúwo, ó lé ní 100 MB, mi ò mọ ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ bọ́tìnnì mẹ́ta fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe. Dídà ló mọ̀, kò mọ títú. Tẹ́ ẹ bá gbé ISO Windows fún un, òun fúnra rẹ̀ á kìlọ̀ pé kẹ́ ẹ lọ lo nǹkan mìíràn, á sì dárúkọ Rufus. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ Continue lórí ìkìlọ̀ yẹn, wọ́n á wá sọ pé Etcher ò dáa. Oní-Mac tó fẹ́ ṣe Windows fún kọ̀ǹpútà mìíràn, ó yá kó tọrọ kọ̀ǹpútà Windows lọ́wọ́ ará ilé fún ìdajì wákàtí. Ventoy náà ò ní ti Mac.

Ẹni tó wà lórí Mint, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ ISO, ẹ yan "Make bootable USB stick", ó tán. Fedora ní Fedora Media Writer, Raspberry Pi ní Imager tiwọn fún káàdì SD. Tó bá jẹ́ Windows lẹ fẹ́ ṣe látorí Linux, WoeUSB wà, Ventoy sì wà. UNetbootin, ìgbà rẹ̀ ti lọ.

Lórí gbogbo Linux, dd náà wà, àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ láti da ISO sórí fúláàṣì:

sudo dd if=mint.iso of=/dev/sdb bs=4M status=progress conv=fsync

Kì í béèrè nǹkan kan, kì í kìlọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí báàtìrì mi ń tán lọ, mo kọ sda dípò sdb. Hard disk tèmi ni sda. Ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì wà lórí rẹ̀. Mo rí i pé nǹkan ń yára ju bó ṣe yẹ lọ, kí n tó tẹ Ctrl+C, ó ti pẹ́ jù. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi dd kan nǹkan, ẹ tẹ lsblk, tó ń to orúkọ hard disk àti fúláàṣì jáde, kí fúláàṣì tó wọlé, ẹ ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tún tẹ lsblk. Orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni fúláàṣì yín.

Jíjí látorí fúláàṣì

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) laptop tó ní Windows 11, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti hard disk. Ọ̀pọ̀ laptop tuntun ló ti ti hard disk ní kọ́kọ́rọ́ láìsọ fún ẹni tó ni ín. Tẹ́ ẹ bá pa Secure Boot, ó lè béèrè nọ́ńbà 48, oníbàárà á wá máa wo ojú yín. Inú àkáǹtì Microsoft rẹ̀ ló sábà máa ń wà, lójú ewé aka.ms/myrecoverykey.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kẹ́ ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì léraléra, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ máa wò. HP, Esc ni, lẹ́yìn náà F9. Dell, Lenovo àti Acer, F12. Ti Acer, ẹ lè ní láti kọ́kọ́ tan "F12 Boot Menu" nínú BIOS. Laptop Asus, Esc. Tí Windows bá ṣì ń ṣí, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ di Shift mú, kẹ́ ẹ tẹ Restart, kẹ́ ẹ yan "Use a device".

Tí orúkọ fúláàṣì bá yọ ṣùgbọ́n tí kò wọlé, ẹ padà wo GPT àti MBR. Tí kò bá yọ rárá, ẹ gbìyànjú ihò USB mìíràn. Tó bá wọlé, tí Windows wá ní òun ò rí hard disk kankan, ẹ má tíì bínú sí fúláàṣì. Lórí àwọn laptop Intel láti ìran kọkànlá síwájú, ohun kan tí wọ́n ń pè ní VMD máa ń bo hard disk lójú. Ẹ gba dírábà Intel RST lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe laptop náà, ẹ tú u sínú fódà lórí fúláàṣì Rufus yẹn gan-an, kẹ́ ẹ wá tẹ "Load driver". Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra 16 GB nìyẹn.

Dídá fúláàṣì padà sípò

Lẹ́yìn dd tàbí Etcher, Windows lè sọ pé fúláàṣì 16 GB yín ti di MB mélòó kan. Kò bàjẹ́, ìpín kékeré nìkan ni Windows ń rí. Ẹ má ra tuntun. Ẹ ṣí Rufus, níbi "Boot selection" ẹ yan "Non bootable", ẹ mú exFAT, ẹ tẹ START. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, gbogbo àyè á padà dé.

Bí mo ṣe ṣe ti bàbá ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Mo kó fáìlì wọn sórí kọ̀ǹpútà mi, mo sọ fúláàṣì di Windows, laptop ọmọ wọn gbà á. Nígbà tó di aago márùn-ún, mo fi "Non bootable" dá fúláàṣì padà, mo sì da fújì àti fọ́tò ìsìnkú padà sínú rẹ̀. Wọ́n ṣí fọ́tò kan níṣojú mi láti rí i dájú, wọ́n wá ní, "Ẹnjiníà, ISO tí mo fi détà rà ńkọ́?" Mo dà á padà fún wọn.